Ibùsùn Àsorọ̀ Tó Gun Òkè Mápó

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tẹ́ ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì pé iṣẹ́ wo lẹ máa kọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní pẹ́. Irọ́ ni, màá pẹ́. Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni kó máa dá èèyàn dúró.

Tí wọ́n bá bi mí pé, “Bàbá, kí lẹ fi gbogbo ayé yín ṣe?” màá ní, “Mo ń mú kí ẹrù fúyẹ́.” Kì í ṣe gbogbo ẹrù o. Ẹrù àwọn tó ń sùn nínú igbó ni: ẹ̀ṣọ́ igbó, agégẹdú, sọ́fèyọ̀, àwọn tó ń ṣọ́ kòkó. Àwọn yẹn ò lè sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí ejò, torí ìjàlọ, torí omi òjò. Ibùsùn àsorọ̀ là ń rán fún wọn, èyí tí òyìnbó ń pè ní hámọ́ọ̀kì: aṣọ gígùn kan tí wọ́n ń fi okùn so mọ́ igi méjì, tí èèyàn á wá dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. À ń rán tapólì tó ń bò ó mọ́ òjò, à ń rán nẹ́ẹ̀tì tó ń lé ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni gbogbo ẹ̀ ló máa gbé e wọ igbó. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Mo ka ìwé mẹ́wàá o, kẹ́ ẹ má fojú di mí. Ìwé náà ni ò kà mí kún. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa ní Pópó Yemọja, ó wò ó, ó tún yí i dorí kodò, bóyá á sàn tó bá tibẹ̀ yẹn wò ó. Kò sàn. Ló bá mú mi lọ́wọ́, ó di Bẹẹrẹ, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Sàlámì tó ń rán kánfáàsì. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ṣàdúà, bàbá mi pa dà sílé. Mo di ọmọ iṣẹ́.

Ọ̀gá Sàlámì ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í pariwo. Ọ̀gá tó ń pariwo rọrùn, o kàn máa ṣe bí ẹni pé o ò gbọ́ ni. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ló ń pa èèyàn. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Wọ́n ní o kàwé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

“Ó dáa, Akọ̀wé. Gbé ẹrù yẹn lọ sókè Mápó.”

Ọjọ́ yẹn ni mo gba orúkọ yẹn. Títí di òní, àwọn kan ní Bẹẹrẹ rò pé òṣìṣẹ́ kóòtù ni mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé òfin ilé iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá rán ẹrù ló máa kọ́kọ́ gbé e. Wàá di ibùsùn, okùn, tapólì, gbogbo ẹ̀ pọ̀, wàá gbé e láti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó, o ò gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Lókè yẹn, ìyá kan máa ń jókòó síbẹ̀ tó ń ta ọṣẹ dúdú. Ìyá Ọlọ́ṣẹ là ń pè é. Tó o bá dé iwájú ẹ̀, o gbọ́dọ̀ kí i tán pátápátá, bí ọmọ Ìbàdàn ṣe ń kí àgbà, tẹrù-tẹrù. Tó o bá mí hẹlẹ nínú kíkí náà, ẹrù ẹ wúwo nìyẹn. Wàá pa dà sísàlẹ̀, wàá tú u, wàá tún un rán. Ọ̀gá ò ní òṣùwọ̀n kankan ní ṣọ́ọ̀bù. Kíkí yẹn ni òṣùwọ̀n ẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo dé òkè, ojú mi ti pọ́n bí ata.

“Ẹ kú... àárọ̀... Ìyá...”

“Ìyá ta ni?”

“Ìyá... Ọlọ́ṣẹ...”

“Ọjà ńkọ́? Ilé ńkọ́? O ò béèrè bí mo ṣe jí? Ṣé ẹrù ló gbé ẹ wá ni, àbí ìwọ lo gbé e?”

Mo lanu, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde. Ìyá wá dojú kọ ìsàlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó kígbe: “Ó ń mí o!” Oníbàtà tó wà ní àárín òkè gbà á: “Ó ń mí o!” Fọkanáísà tó wà nísàlẹ̀ náà gbà á: “Ó ń mí o!” Látẹnu dẹ́nu ló fi dé ṣọ́ọ̀bù kí n tó dé. Nígbà tí mo wọlé, Ọ̀gá ò tiẹ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì.

“Akọ̀wé, ó ṣì wúwo.”

Gbólóhùn yẹn ni mo fi jẹun àárọ̀, mo fi jẹ tọ̀sán. Ọjọ́ kan mo gbójú gbóyà, mo bi í pé, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ìgbà wo lẹrù máa ń fúyẹ́ tó?”

Ó dá máṣíìnì dúró. “Lọ́jọ́ tí ẹni tó gbé e bá wo ẹ̀yìn, tó ń rò pé òun gbàgbé nǹkan sílé.”

Mo rò pé àwàdà ni, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kì í ṣàwàdà. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló là mí lójú. Ó ní bàbá tó bí Ọ̀gá, alágbàárù ni ní Ọjà'ba. Ẹrù tó máa ń gbé pọ̀ débi pé táwọn èèyàn bá kí i lójú ọ̀nà, kò ní sí èémí tó máa fi dáhùn. Wọ́n ní agbéraga ni. Wọ́n ń sọ ọ́ títí tó fi kú. Ó ní, “Ọmọ ẹ̀ máa ń rìn lẹ́yìn ẹ̀, á máa bá bàbá ẹ̀ dáhùn: ẹ ṣé o, ẹ kú ilé o.” Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi òfin kíkí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo ṣì ń mí ṣá.

Ẹ wá gbọ́ bí ibùsùn ayé ìgbà yẹn ṣe rí. Kánfáàsì tó nípọn bí awọ. Igi gbọọrọ kan níbi orí, òmíràn níbi ẹsẹ̀, pé kí aṣọ lè tẹ́. Òrùka irin. Èèkàn tapólì. Okùn tó tó ọrùn ọwọ́ mi. Tapólì alára lè bo ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Tó o bá gbé gbogbo ẹ̀, wàá rò pé àna ẹ lo pọ̀n.

Igi la kọ́kọ́ yọ. Mo ṣàròyé pé tí kò bá sí igi, aṣọ á pa dé mọ́ èèyàn bí ewé mọ́ ẹ̀kọ. Ọ̀gá ní kí n wọ inú ẹ̀. Mo wọ ọ́, mo sùn gbọọrọ. Aṣọ pa dé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rí ẹ̀kọ tó ń fọhùn.

“Ta ló ní kó o sùn gbọọrọ? Fi orí sí ọ̀tún, fi ẹsẹ̀ sí òsì.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ tẹ́ ara ẹ̀ pẹrẹsẹ, láìsí igi. Gbogbo ọdún táwọn èèyàn ti ń gbé igi kiri, ó kàn jẹ́ pé wọn ò mọ sísùn ni.

Èèkàn náà lọ. Ọ̀gá ní, “Ta ló ń gbé igi lọ sínú igbó?” Òrùka irin lọ, a fi kókó okùn rọ́pò ẹ̀. Tapólì, a rí i pé tá a bá so ó ní igun sí igun, èyí tó kéré gan-an náà á bo èèyàn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Fóòmù tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹ̀yìn, èmi ni mo yọ ọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo ní bùláńkẹ́ẹ̀tì á tó. Ìgbà ọyẹ́ ni, mo sùn nínú ẹ̀ lábúlé wa láti dán an wò. Ẹ dá ìpàtẹ́wọ́ yín dúró. Àyà mi gbóná, ẹ̀yìn mi di yìnyín, torí aṣọ téèyàn bá sùn lé lórí ti tẹ̀ pa, kò ní ooru kankan nínú mọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà tún ń já bọ́. Nígbà tí ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n lè máa bẹ̀rẹ̀ mú un mọ́, mo fi okùn so ó sí abẹ́ ibùsùn níta, mo ní kó máa gbé ibẹ̀. Ẹ̀yìn mi móoru! Kò sí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo ròyìn fún Ọ̀gá bí ẹni pé mo ronú jinlẹ̀ kí n tó ṣe é. Láti ìgbà yẹn là ń rán aṣọ abẹ́, a ki òwú igi àràbà sínú ẹ̀, tó fúyẹ́ bí èémí. Ọ̀lẹ ló bí i o, kì í ṣe ọpọlọ.

Lẹ́yìn náà ni náílọ́ọ̀nù dé. Hẹ̀n! Okùn tín-ínrín, agbára ẹṣin. Ibùsùn àkọ́kọ́ tá a fi rán, Ọ̀gá gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọjà tó dáa jù là ń pàtẹ sójú ọ̀nà, kí gbogbo Bẹẹrẹ lè rí i. Àràárọ̀ la ń gbé e jáde, ìrọ̀lẹ́ la ń gbé e wọlé, ẹ̀ẹ̀rùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Oòrùn ń wò ó, àwa náà ń wò ó, inú wa ń dùn.

Ọjọ́ kan, agégẹdú kan wá, èèyàn sígbọnlẹ̀, ó ń kánjú wọ igbó. Gbogbo èyí tá a rán ti tà. Ó nawọ́ sí tiwájú ṣọ́ọ̀bù pé èyí náà dáa. Ọ̀gá ní kó ní sùúrù. Kì í jẹ́ kí oníbàárà kọ́kọ́ sùn sínú nǹkan tóun ò tíì sùn sí. Ó so ó mọ́ igi ọ̀dán àti òpó ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

Okùn já. Kò dún rárá. Ọ̀gá fi ìbàdí balẹ̀ sétí gọ́tà.

A sáré dé ibẹ̀. Ó sùn sílẹ̀, ojú ẹ̀ ti funfun, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni: “Alàgbà, ẹ dákun, ẹ má ra èyí.”

Mo mú ojú okùn náà, ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí gààrí. Oòrùn ti jẹ ẹ́ tán. Ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ lára wa pé oòrùn máa ń jẹ náílọ́ọ̀nù. Okùn ayé àtijọ́, oòrùn ò rí i gbé ṣe. Mo pọn Ọ̀gá títí dé ibi tí mọ́tò wà. Èmi tí mo máa ń kùn nítorí tapólì, mi ò rántí pé mo gbé nǹkan kan.

Ẹni tó ń to eegun ní Kúdẹtì tọ́jú ẹ̀ títí. Ìbàdí jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì ò bá tọ̀tún rẹ́ mọ́. Láti ìgbà yẹn, Ọ̀gá ò gun òkè Mápó mọ́. Á jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀, á máa gbọ́ ohun tí òkè bá sọ. Ṣọ́ọ̀bù wá di ọwọ́ mi. Mo kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, gbogbo okùn ni mò ń fà kó tó jáde, mi ò sì pàtẹ ohunkóhun sóòrùn mọ́. Oníbàárà tó bá fẹ́ rí ọjà, kó wọlé wá jókòó.

Nígbà tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ papò dà, Àlímọ̀ ọmọ ẹ̀ bọ́ sídìí ọṣẹ. Mo ń gun òkè, mò ń kí i. Kíkí náà wá ń gùn sí i. Ọ̀gá ní, “Akọ̀wé, ẹrù ò wúwo mọ́ báyìí, kí ló dé tó ò tètè sọ̀ kalẹ̀?” Mo fẹ́ Àlímọ̀. Ó ń sọ títí dòní pé àánú mímí mi ló ṣe òun.

Ayé yí. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ di oníná. Kánfáàsì di aṣọ agbòòrùn, aṣọ agbòòrùn di aṣọ páráṣúùtù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun òkè kiri lópin ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n á ki ọwọ́ sápò, wọ́n á fa odidi ibùsùn jáde bí áńkáṣíìfù, pé kí n bá àwọn rán tapólì sí i. Mo máa ń di èyí mú lọ́wọ́ pẹ́. Ó dùn mí, ó tún dùn mọ́ mi. Nígbà tí ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, tí mo rán ẹnu àpò ṣòkòtò mi pa mọ́ tapólì oníbàárà, Àlímọ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ohùn ẹ̀ ṣì jẹ́jẹ́. Silifá, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó dúró tì í, ó fajú ro.

“Bọ̀dá Akọ̀wé, ẹ bá mi bá bàbá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sùn lábúlé. Lábẹ́ igi obì! Nínú ibùsùn àsorọ̀! Pẹ̀lú ìbàdí yẹn!”

Igi obì yẹn, bàbá Ọ̀gá tó jẹ́ alágbàárù ló gbìn ín. Ọ̀gá ní, “Mo fẹ́ sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí n tó lọ bá a, kí n lè ròyìn igi ẹ̀ fún un.”

Silifá nu ojú, ó wá rántí pé agídí lòun náà jogún.

“Ó dáa. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣòfin. Ẹni tí ò bá lè gbé ẹrù ẹ̀ gun Mápó, kó kí èèyàn tán láìmí, kó má lọ sóko. Ẹ gbé tiyín gùn ún, màá fúnra mi wá mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá mí, ilé la wà.”

“Ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e.”

“Ara nìyẹn, Bàbá. Ẹrù ńkọ́?”

Ọ̀gá yí ojú sí mi. “Akọ̀wé,” ó ní. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wọ gíláàsì mi tó nípọn bí ìdí ìgò, mo pa dà sídìí máṣíìnì. Mo ra aṣọ páráṣúùtù tó fúyẹ́ jù. Tapólì, mo gé e mọ́ ìwọ̀n ara ẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì, ojú dé àyà ni mo rán an mọ. Mi ò rán àpò, ibùsùn náà ni mo rán ẹnu sí létí, kó lè ká ara ẹ̀ sínú ara ẹ̀. Ó wá ku okùn. Mo mú èyí tá a máa ń lò, mo wá ronú kan Ọ̀gá lórí àga ẹ̀ lọ́jọ́ tó pè mí, bí ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ṣe rí. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ti fúyẹ́. Kò nílò okùn agégẹdú mọ́. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́ kí n tó lè gé èyí tó tín-ínrín. Mo fi ara mi dán an wò lẹ́ẹ̀mejì o, ikùn mi yìí tó agégẹdú kan àbọ̀, kò já.

Mo fẹ́ yọ aṣọ abẹ́ náà, kó lè fúyẹ́ sí i. Àlímọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi.

“Ẹ̀yìn arúgbó lẹ fẹ́ fún ọyẹ́ jẹ? Ẹ gbàgbé tiyín ni?”

Ó bu òwú àràbà tuntun, ó kì í sínú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá kù kí n wá ohun mìíràn yọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gé ìdí òwú kọ̀ọ̀kan. Mo gé orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rán sí i lára, tí mo fi ń ṣe fáàrí. Kò sí nǹkan kan mọ́ láti yọ.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, a pàdé ní Bẹẹrẹ. Àlímọ̀ ti gòkè lọ síwájú ọṣẹ ẹ̀. Ọ̀gá fi ẹrù kọ́ èjìká, ó mú ọ̀pá, ó gbéra. Silifá wà lápá kan, èmi wà lẹ́yìn, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ kan, ọ̀pá, ẹsẹ̀ kan. Fọkanáísà dá iṣẹ́ dúró. Ní àárín òkè, Ọ̀gá dúró. Silifá na ọwọ́. Ọ̀gá gbé ọ̀pá sókè díẹ̀, ó sì tún ń lọ.

Ó dé òkè. Àlímọ̀ kúnlẹ̀.

“Àlímọ̀, ọmọ Ọlọ́ṣẹ,” Ọ̀gá ní, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. “O kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa lo jí? Ọjà ńkọ́? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Ọkọ ẹ tí ìwé ò kà kún ńkọ́? Ìyá ẹ tó lọ, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere. O kú ìdúró dè wá. Alùbáríkà á wọlé o.”

Kò fi ibì kankan sinmi. Àlímọ̀ dìde, omi ti bò ó lójú, ó fi ọwọ́ ká ẹnu bí ìyá ẹ̀: “Kò mí o!” Ó gba àárín òkè kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ: kò mí o, kò mí o. Silifá ti ń pe onímọ́tò lórí fóònù, ó ń sunkún sí i létí.

Ọ̀gá ni ò tíì kúrò lójú kan. Ó sọ ẹrù kúrò léjìká, ó gbé e wò, ó fọwọ́ tẹ ibí, ó fọwọ́ tẹ ọ̀hún. Ó wá bojú wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀nà tá a bá wá, ó wò mí.

“Akọ̀wé,” ó ní, “kí lo gbàgbé sílé?”

Mo fẹ́ dá a lóhùn pé kò sí, Ọ̀gá, kò sí nǹkan kan. Ẹnu mi là, afẹ́fẹ́ nìkan ló jáde, gẹ́gẹ́ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àlímọ̀ wo ọkọ ẹ̀ tí ò gbé nǹkan kan, ó tún fi ọwọ́ ká ẹnu.

“Akọ̀wé ló ń mí o!”